Perlette, Àjàrà Tí Kì Í Pẹ́ Kí Ó Tó Pọ́n

Àwọn àjàrà tí a ń gbìn fún jíjẹ pọ̀ lágbàáyé, ṣùgbọ́n Perlette ni mo yàn láti kọ nípa rẹ̀ lónìí, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì gbà pé ìtàn rẹ̀ tọ́ sí ẹni tí yóò fara balẹ̀ sọ ọ́. Hóró rẹ̀ kò tóbi púpọ̀. Kò pupa, kò sì dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti ewé tútù, ó sì mọ́ gaara débi pé bí ènìyàn bá gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀. Kò ní kóró. Ohun tí ó gbé e ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé ó ń tètè pọ́n, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àjàrà yòókù ṣì le lórí igi, tí wọ́n sì kan. Èrò mi ni pé gbogbo ohun yòókù tí a lè sọ nípa àjàrà yìí, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń gbà, iye tí wọ́n ń tà á, àti ìjà tí àwọn òṣìṣẹ́ jà ní àwọn oko tí wọ́n ti ń kó o, inú ìtètèpọ́n yìí ni wọ́n ti wá.

Igi àjàrà máa ń wọ́wé nígbà òtútù, á sì sinmi títí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Nígbà tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ojú igi yóò là, ewé yóò yọ, òdòdó wẹ́wẹ́ yóò tẹ̀lé e, hóró yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Láti ìgbà náà lọ, ooru ni igi ń kó jọ lójoojúmọ́, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní iye ooru tí ó gbọ́dọ̀ kó jọ kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Ẹ̀yà tí ó ń tètè pọ́n ni èyí tí ooru díẹ̀ tó fún. Ní àfonífojì Coachella, ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan ní gúúsù Kalifọ́níà, ojú igi Perlette máa ń là ní oṣù Kejì, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó èso rẹ̀ ní ìdajì kejì oṣù Karùn-ún. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Thompson Seedless, àjàrà tí kò ní kóró tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó sì jẹ́ bàbá Perlette gan-an, ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i ní ibì kan náà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ta àgbàdo tútù rí nílé mọ ohun tí ó já sí. Àgbàdo tí ó kọ́kọ́ dé ọjà nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀, owó gidi ni wọ́n ń tà á, kò sì sí ẹni tí ó ń dúró ná an pẹ́. Nígbà tí yóò bá fi tó oṣù kan sí i, tí gbogbo oko ti gbé tiwọn dé, ẹni tí ń sè é lójú títì yóò máa bẹ oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àjàrà rí ní Kalifọ́níà. Kí àwọn oko ńláńlá inú àfonífojì San Joaquin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn ní oṣù Keje, àlàfo kan wà tí ojú àwọn ènìyàn ti ń wá àjàrà tuntun, ẹni tí ó bá sì gbé e dé nínú àlàfo náà ni yóò sọ iye tí òun fẹ́. Perlette wà lára àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi dí àlàfo yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Síbẹ̀, inú aṣálẹ̀ kọ́ ni ìtètèpọ́n rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ Họ́ngárì ni ó ti jogún rẹ̀, níbi tí òtútù ń pẹ́ kí ó tó lọ, tí kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń padà dé. Ní ìlú Kecskemét, lórí ilẹ̀ iyanrìn tí ó wà láàárín odò Danube àti odò Tisza, ni János Mathiász, ẹni tí ó gbé ayé láti ọdún 1838 sí ọdún 1921, ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ láti máa fi òdòdó àjàrà kan gba ti èkejì kí ó lè rí ẹ̀yà tuntun. Ìdí wà tí ó fi jẹ́ orí iyanrìn. Kòkòrò kékeré kan tí a ń pè ní phylloxera, tí ó ti Amẹ́ríkà wọ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, máa ń mu oje gbòǹgbò àjàrà títí igi yóò fi kú, ó sì run oko àjàrà káàkiri. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í lè gbilẹ̀ nínú iyanrìn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Họ́ngárì ṣe kó àjàrà wọn lọ sórí iyanrìn tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí tẹ́lẹ̀.

Láti inú kóró tí ó ti ọwọ́ Mathiász wá ni Adolf Stark, ní ìlú Békéscsaba, ti rí àjàrà kan tí wọ́n sọ ní Csaba gyöngye ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Títí di òní, ó wà lára àwọn àjàrà tí ó ń tètè pọ́n jù lọ ní Yúróòpù. Ní ìparí oṣù Keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ó ti ṣe é jẹ ní Họ́ngárì. Àyẹ̀wò àbùdá ti fi hàn pé Madeleine Angevine, àjàrà ilẹ̀ Faransé kan tí òun náà ń tètè pọ́n, ni ìyá rẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú ìdílé Muscat, tí òórùn wọn máa ń ta sánsán, ni bàbá rẹ̀. Àléébù Csaba gyöngye ni pé hóró rẹ̀ kéré, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Mathiász wá fi í gba àjàrà mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, ohun tí ó sì jáde ní ọdún 1916 ni Szőlőskertek Királynője. N ó máa pè é ní Ọbabìnrin Ọgbà Àjàrà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí orúkọ náà ń sọ nìyẹn, ó sì rọ ahọ́n lọ́rùn. Ọbabìnrin yìí tóbi, àwọ̀ rẹ̀ jọ wúrà, ó ń ta sánsán, ó sì mú ìyára Csaba gyöngye dání. Kóró nìkan ni ó kù nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kò fẹ́.

Ẹni tí ó yọ kóró náà ni Harold Olmo, tí wọ́n bí ní San Francisco ní ọdún 1909, tí ó sì dolóògbé ní ọdún 2006. Ní ọdún 1936, ní Yunifásítì Kalifọ́níà tí ó wà ní Davis, ó mú ìyẹ̀fun òdòdó irú Thompson Seedless kan, ó fi kan òdòdó Ọbabìnrin, ó gbin kóró tí ó ti inú rẹ̀ jáde, ó sì ń ṣà wọ́n títí di ọdún 1946 tí ó fi Perlette lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwa tí a ń ra èso ní ọjà kì í sábà rántí pé ẹnì kan ti dúró ti igi kan fún ọdún mẹ́wàá kí adùn náà tó dé ẹnu wa. Àjàrà tí ó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú Perlette ni Delight, tí òun náà jáde láti inú ìsopọ̀ yìí. Olmo kan náà ni ó ṣe Redglobe, àjàrà pupa ńláńlá tí ó ní kóró, tí ó ti tàn kárí ayé láti ọdún 1980. Ní ọdún 1948, ó rìnrìn àjò lọ sí Írànì àti Afganísítánì láti wá àjàrà ìgbẹ́ tí ènìyàn kò tí ì fọwọ́ kàn. Ní tèmi, ènìyàn bẹ́ẹ̀ tó ohun tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ.

Ìdí wà tí Ọbabìnrin fi jẹ́ ìyá, tí Thompson sì jẹ́ bàbá. Thompson kì í ṣe àgàn pátápátá. Òdòdó rẹ̀ máa ń gba ìyẹ̀fun, oyún kóró sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú hóró, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí oyún náà fi ń bàjẹ́, kí èèpo kóró tó ráyè le. Ohun tí yóò kù ni àmì kékeré kan tí ó rọ̀, tí eyín kì í mọ̀ lára. Bí ó bá jẹ́ òun ni ìyá, kò sí kóró kankan tí Olmo ì bá rí gbìn. Nítorí náà, ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ àjàrà tí kò ní kóró gbọ́dọ̀ mú ìyá tí ó ní kóró, kí ó sì máa retí pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ yóò jọ bàbá. Àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Fresno, ní Kalifọ́níà, ti mọ bí a ṣe ń yọ oyún kóró náà kí ó tó kú, tí wọ́n sì ń tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò. Perlette ti pé ogójì ọdún nígbà náà.

Mo gbin igi Perlette mélòó kan sí ẹ̀yìnkùlé mi, nítorí náà mo lè sọ nípa ìwà rẹ̀. Igi náà lágbára, ó sì máa ń so púpọ̀. Ohun kan tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé àwọn ojú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ka pàápàá ń so èso. Èyí jẹ́ kí ó ṣeé gé kúkúrú, kí a kàn fi ojú méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nígbà òtútù. Thompson kò rí bẹ́ẹ̀: òkè ẹ̀ka ni tirẹ̀ ti ń so, ẹni tí ó bá sì gé e kúkúrú, ewé nìkan ni yóò rí. Hóró Perlette rí roboto, ìyẹ̀fun funfun fẹ́lẹ́ kan tí ó jẹ́ ìda sì máa ń bò ó lára. Ara rẹ̀ le díẹ̀ lábẹ́ eyín, ó máa ń dún pọ́kí. Adùn rẹ̀ kò pọ̀ jù, ó mú ìkan díẹ̀ lọ́wọ́, bí ó bá sì pọ́n tán pátápátá, a lè gbọ́ òórùn àwọn bàbá ńlá rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Muscat nínú rẹ̀, ní fífẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ń wá adùn tí ń lẹ̀ mọ́ ètè yóò sọ pé kò tó. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣírí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Perlette kì í mọ ìgbà tí hóró tó. Bí òdòdó bá ti wọ́ tán, hóró tí yóò kù sórí ṣírí kan yóò pọ̀ débi pé kò ní sí àyè fún wọn láti dàgbà. Wọn yóò máa ti ara wọn, àwọn ti àárín yóò fọ́, oje wọn yóò sì fa ìjẹrà tí yóò ran gbogbo ṣírí. Àwọn hóró mìíràn yóò dúró ní kíkéré, wọn yóò máa jẹ́ tútù láàárín àwọn tí ó ti pọ́n, wọn yóò sì ba ìrísí ọjà jẹ́. Ewu kejì tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí: igi tí ẹrù bá pọ̀ jù lórí rẹ̀ kì í tètè pọ́n. Oúnjẹ tí ewé ń sè ni hóró ń pín jẹ, bí ẹnu bá sì ti pọ̀ jù nídìí oúnjẹ náà, gbogbo wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó yó. Ẹni tí ó bá fi gbogbo hóró sílẹ̀ nítorí ojúkòkòrò yóò kó èso púpọ̀ ní ìgbà tí owó ti lọ kúrò lórí rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú àlùmọ́gàjí kékeré, tí wọ́n sì ń gé nínú apá ṣírí dànù, ṣírí kan lẹ́yìn òmíràn, igi kan lẹ́yìn òmíràn. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe é ní Coachella, nígbà tí hóró ṣì kéré gan-an. Iṣẹ́ náà gba ojú, ó sì gba ìpinnu, nítorí pé ṣírí méjì kì í dọ́gba: ẹni tí ń gé e gbọ́dọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ó mọ apá tí ó yẹ kí ó lọ, kí ó fi èyí tí yóò gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbo ìyẹ̀fun ara hóró kúrò. Apá rẹ̀ wà lókè orí láti àárọ̀. Mo ti ṣe é lórí igi díẹ̀ tí ó wà lẹ́yìnkùlé mi, ó sì fi yé mi ìdí tí àwọn tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ Perlette pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Kò sí ẹ̀rọ kan tí ó gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn.

Ọgbọ́n méjì mìíràn wà tí wọ́n ń fi kún un. Ọ̀kan ni gibberellin, èròjà tí ń mú irúgbìn ga, tí onímọ̀ ará Jàpáánì kan, Eiichi Kurosawa, tọpasẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1926 láti inú àrùn ìrẹsì tí ó máa ń jẹ́ kí igi ìrẹsì ga jù títí yóò fi wó. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ sí àjàrà tí kò ní kóró, nítorí pé kóró ni ó máa ń pèsè èròjà yìí fún hóró, hóró tí kò sì ní kóró kì í rí i tó. Ọgbọ́n kejì ti pẹ́ ju èyí lọ: wọn yóò bó èèpo ìdí igi yí po, ní òrùka tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Oúnjẹ tí ewé sè kò ní rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ sí gbòǹgbò, ọ̀dọ̀ èso ni yóò máa lọ títí ojú ọgbẹ́ náà yóò fi padà dì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá bó o nígbà tí hóró ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, hóró yóò tóbi. Bí wọ́n bá dúró di ìgbà tí hóró bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, yóò tètè pọ́n. Igi tí ó bá ti rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń bó lára.

Ilẹ̀ Coachella fúnra rẹ̀ tọ́ sí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Aṣálẹ̀ ni, igi dàbínù pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò sì tó mílímítà 100. Ìlú Mecca tí ó wà nínú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju omi òkun lọ ní ohun tí ó lé ní mítà 50. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti la ipa omi láti Odò Colorado wá síbẹ̀, ní nǹkan bí àkókò kan náà tí Perlette jáde, àwọn méjèèjì sì pàdé ara wọn dáadáa: ilẹ̀ tí ń gbóná kí ibòmíràn tó gbóná, àti àjàrà tí ooru díẹ̀ tó fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Karùn-ún bá fi ń parí, oòrùn ibẹ̀ máa ń le ju ìwọ̀n 40 lọ. Èso tí ó bá pọ́n níbẹ̀ kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Kíkó ni.

Àwọn tí ń kó o mọ èyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1965, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀ Filipíìnì wá, tí Larry Itliong wà lára àwọn aṣíwájú wọn, yanṣẹ́ lódì ní Coachella. Owó tí wọ́n béèrè ni dọ́là 1.40 fún wákàtí kan, nítorí pé iye náà ni ìjọba ti fọwọ́ sí fún àwọn àlejò òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń kó wá láti Mẹ́síkò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn onílẹ̀ san án. Wọn kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rárá, wọn kò sì bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n àjàrà ti pọ́n lórí igi, owó àlàfo ọjà sì ń lọ lójú wọn.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tẹ̀lé ìkórè lọ sí àríwá, sí Delano nínú àfonífojì San Joaquin, wọ́n béèrè owó kan náà, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ sì kọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yanṣẹ́ lódì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko tí Cesar Chavez àti Dolores Huerta ń darí, tí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ará Mẹ́síkò, dìbò láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìjà yẹn gba ọdún márùn-ún. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1970 ni àwọn onílẹ̀ Delano tó tọwọ́ bọ ìwé. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ mélòó kan àti ọdún márùn-ún. Ohun púpọ̀ ni ó fà á, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni irú àjàrà àti irú àkókò. Àjàrà Delano ní ìkórè tí ó gùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣeé kó sí yàrá òtútù kí a tó tà á. Ti Coachella kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìyára kan náà tí ń sọ onílẹ̀ di olówó ni ó fi agbára lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1970 gan-an, oṣù mélòó kan kí Delano tó gbà, oko kan ní Coachella ni ó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí àjàrà jíjẹ nínú ìjà yẹn.

Ní Punjab, ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà, ohun tí ó sọ Perlette di ààyò yàtọ̀. Níbẹ̀, òjò ni àgbẹ̀ ń bẹ̀rù. Òjò ńlá ọdún máa ń dé láàárín ìparí oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, àjàrà tí ó bá sì bá a lórí igi yóò là, yóò sì jẹrà kí ènìyàn tó gbé agbọ̀n. Perlette máa ń pọ́n níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, nítorí náà ni ó ṣe di àjàrà tí àwọn àgbẹ̀ Punjab àti Haryana mọ̀ jù. Ẹ wò ó bí ìwà kan ṣoṣo ṣe ń jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: ní Họ́ngárì, òtútù ni ó ń sá fún, ní Coachella, ọjà ni ó ń sáré bá, ní Punjab, òjò ni ó ń ṣáájú.

Lónìí, ẹni tí ó bá rin Coachella já kò ní rí Perlette púpọ̀ mọ́. Flame Seedless, tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Fresno mú jáde ní ọdún 1973, pupa, ó dùn, ṣírí rẹ̀ kò sì há. Sugraone, tí àwọn kan mọ̀ sí Superior Seedless, funfun bí Perlette, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ tóbi jù ú lọ láìsí wàhálà. Owó òṣìṣẹ́ ti gòkè, bí ó ti yẹ kí ó gòkè, àgbẹ̀ kò sì fẹ́ igi tí yóò gba ọwọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. N kò bá wọn jà. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí i: àwọn méjèèjì ní àjàrà kan tí ń jẹ́ Cardinal nínú ìran wọn, àyẹ̀wò àbùdá sì ti fi hàn pé ọmọ Ọbabìnrin ni Cardinal. Ìyára tí Mathiász wá kiri lórí iyanrìn Kecskemét kò tí ì kúrò nínú àwọn oko náà.

Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ mi láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta bóyá àjàrà tí ń tètè pọ́n lè wúlò fún àwọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n gbàgbé oṣù Karùn-ún, nítorí pé kò sí òtútù níbẹ̀ tí yóò mú igi sùn. Ọjọ́ tí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ ni igi ń jí, láti ọjọ́ náà ni kí wọ́n sì máa kà. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àjàrà ní ilẹ̀ wa, ewé rẹ̀ máa ń bu kí oṣù tó yí po. Ẹni tí ó bá gé igi rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, bí ọyẹ́ ṣe ń sún mọ́ tòsí, tí ẹ̀yà tí ó gbìn sì ń gba oṣù mẹ́ta àti díẹ̀, lè rí èso kó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yà tí ń gba oṣù márùn-ún yóò bá òjò pàdé lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ Perlette ni ẹni náà fẹ́, kí ó má fi àlùmọ́gàjí ṣeré, nítorí pé ṣírí tí ó há nínú ọ̀rinrin kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà.

Fún ẹni tí ó bá rí i ní ọjà àwọn àgbẹ̀, níbi tí mo ti ń rí i jù lónìí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù. Àjàrà kò rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò: lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti já a, kò ní dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, bí ó ti wù kí a tọ́jú rẹ̀ tó. Ìdánwò ńlá sì ni ìtètèdé jẹ́ fún àgbẹ̀, nítorí pé owó máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ kí adùn tó pé. Ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó ṣì jẹ́ ewé tútù ṣinṣin kò tí ì pọ́n. Èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ni kí ẹ mú. Kí igi ṣírí rẹ̀ ṣì tutù, kí ó má tí ì gbẹ di dúdú. Kí ẹ tọ́ hóró kan wò láti ìsàlẹ̀ ṣírí, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó máa ń gbẹ̀yìn láti dùn. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má fọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ jẹ ẹ́, kí ìda ara rẹ̀ lè máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì ní gbígbẹ. Kì í pẹ́ níbẹ̀ bíi Redglobe; ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.